Aṣọ Tí Mo Gbé Kúrò Níwájú Pẹpẹ

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì kà á nínú ìwé, nítorí ìwé tí mo kà kò kọjá kíláàsì mẹ́ta. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní ìlú òtútù tí mo wà yìí, kó wá wo òfì tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọ Ìsẹ́yìn mìíràn bá wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òfì lẹ́yìnkùlé, mi ò tíì rí i.

Ìyá Tósìn, ìyàwó mi, ló ríṣẹ́ síbí. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé àṣẹ, èmi ni mo tẹ̀lé e. Mo tètè sọ ọ́ kí n lè kúrò lórí rẹ̀. Nílé, èmi ni baálé. Níbí, lẹ́tà tó bá wọlé, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń wà lókè. Mo fara mọ́ ọn. Ọkùnrin tó lágbára nìkan ló lè fara mọ́ irú ẹ̀.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti sùn sóko Ògbooro nínú ọyẹ́, aṣọ kan péré lára, kí ni òtútù fẹ́ fi í ṣe? Àìkíni ló yà mí lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bá àwọn ènìyàn bíi mẹ́jọ níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Olúkúlùkù ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n bá jà. Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo ní tèmi ò ní ba ẹ̀kọ́ ilé jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo kí i. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ń wo ilẹ̀ yíká. Kò pẹ́, obìnrin kan náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ bá mi wá a. Nígbà tí bọ́ọ̀sì máa fi dé, mẹ́rin nínú wa ló ti wà nílẹ̀. Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó sọnù.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńláńlá ló ń fọ̀, ẹ̀rọ ló ń gbẹ, àwa ló ń ká. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró tì mí láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ibùsùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó fẹ́ kọ́ èmi ní aṣọ kíká. Mo jẹ́ kó kọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ náà, mo fi ọwọ́ júwe fún un pé òwú kan ti já níhìn-ín. Ó wò ó, kò rí nǹkan kan. Mo ní kó gbé e sókè sí iná. Ó gbé e sókè, ó sì rí àlàfo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Láti ọjọ́ náà, aṣọ tí wọ́n bá ń ṣiyèméjì lé lórí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yìn níbi iṣẹ́ tí kò rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́, ìyìn náà kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ìyá Tósìn máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, á sùn. Èmi á jókòó, màá máa gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Nílé, ìsọ̀ òfì la máa ń jókòó sí, ọkùnrin mẹ́wàá ní ìlà kan, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ra bàtà tuntun, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí bàtà náà á fi gbó. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ yẹn ló ń jẹ́ ilé. Níbí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí tó láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kan òfì. Pákó tí wọ́n kó sọnù lẹ́yìn iléeṣẹ́ wa ni mo fi kàn án. Òwú wa máa ń gùn lọ gbọọrọ níwájú òfì, òkúta ńlá ló sì máa ń fà á le lókèèrè. Mo ta tèmi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí ọgbà, mo fi yanrìn kún korobá láti fi ṣe òkúta. Ológbò aládùúgbò wa wá ń sùn sórí òwú náà lójoojúmọ́. Mo hun ún bẹ́ẹ̀, ológbò lókè, èmi nísàlẹ̀. Aṣọ aláró àti funfun ni, tí mo fẹ́ mú lọ sí ìkórè ìjọ wa, kí wọ́n fi bo tábìlì tó wà níwájú pẹpẹ. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ òwú yìí dúró díẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Òwú tí a ń fi ọkọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú gba inú aṣọ, jù síwá sẹ́yìn, bó bá já, kò burú. Èyí tí a ta gbọọrọ láti orí aṣọ dé ìdí rẹ̀ ni kò gba eré. Bí ìyẹn bá já, o gbọ́dọ̀ dúró, kí o wá ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí, kí o so ó. Bí o bá fò ó, aṣọ á ṣì máa hun, ọwọ́ rẹ á máa lọ geerege, ṣùgbọ́n àlàfo náà á máa tẹ̀lé ọ títí dé òpin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èyí ní Ìsẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràmọ́tà, ló máa ń gbé e. Akọ̀wé ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, bí ìyàwó ilé ti í fún àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó mọ̀ pé mi ò kàwé. Ìdí tó fi sọ mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Á ní, "Akọ̀wé mi, ṣé òtútù ò tíì jẹ etí yín tán?" Màá gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn rẹ̀, kóó, kóó, torí ilé ẹ̀gbọ́n mi àti ìsọ̀, ògiri kan ló là wọ́n. Màá bèèrè ẹ̀gbọ́n mi. Á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi, Lásísì, fi ń ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, èsì mi ti wà nílẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá wa, Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo tẹ̀lé Ìyá Tósìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń sọ pé nítorí Jésù ni ẹ̀gbọ́n mi fi kórìíra mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsẹ́yìn, wọ́n gbààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé e dé ìlú òyìnbó, àwọn ará ibí náà káàánú mi. Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí máa ń rí àga jókòó níwájú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dé, ìrẹsì tó sì jẹ, abọ́ méjì ni.

Màmá Jín ló ba àga mi jẹ́. Opó ni, òyìnbó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ ni àwa mẹ́fà kan máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé láti ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ìyá Tósìn ló ń túmọ̀ fún mi. Lọ́dún tí mò ń hun aṣọ náà, Màmá Jín sọ pé èyí tí a fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ Jésù, a ti mọ̀ ọ́n lórí. Èyí tí a máa ń fò la máa kà.

Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀, mi ò sì fi hàn. Nílé, bí a bá kan ibi tó ní ká fẹ́ràn ọ̀tá wa, a máa ń yára gba ibẹ̀ kọjá bí ọkọ ìyàwó tó ń gba iwájú ilé àna rẹ̀ kọjá tí kò tíì wọlé kí wọn. Ọ̀dọ̀ Màmá Jín, a jókòó síbẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. A ka ti ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ní kó lọ ta gbogbo ohun tó ní. Ìyá Tósìn ń wo bàtà rẹ̀ tuntun. A ka ti ẹni tó gbá ọ ní etí kan tí wọ́n ní kí o yí ìkejì sí i. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tó yá mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó le jù, kí n tú u fún wọn.

Màmá Jín fún mi ní tẹni tó ń mú ọrẹ lọ síbi pẹpẹ, tó wá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní ẹ̀dùn ọkàn kan sí òun. Jésù ní kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ parí ìjà.

Mo dìde. Mo ní ó rọrùn. Mo ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, kí o dárí jì í, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe dárí ji ẹ̀gbọ́n mi tó kórìíra mi nítorí Olúwa. Àwọn ará mí kanlẹ̀. Ẹnìkan fi ọwọ́ kàn mí ní èjìká. Màmá Jín ń bu tíì sínú ife. Ó wá bèèrè, jẹ́jẹ́, pé nínú àwọn méjì tí Jésù ń sọ, èwo ni wọ́n ṣẹ̀? Mo ní àwọn méjèèjì ni. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí n mu tíì mi kó má baà tutù.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Tósìn ní, "Bàbá Tósìn, kí ni Bàbá Ràmọ́tà ní sí yín gan-an?"

Mo ní ká yára, òjò ń bọ̀.

Ó ní, "Òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀."

Ohun tó ní sí mi rèé. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá ìsọ̀ bàbá wa, kò sì sí ọwọ́ tó dà bí ọwọ́ rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò. Ìdílé ńlá kan láti Ṣakí gbé iṣẹ́ aṣọ ìyàwó wá. Ó hun ìdajì, ó gbé ìdajì fún mi. Ó ku díẹ̀ kí tèmi parí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, òwú méjì já. Bí mo bá dúró so ó, ìdajì bọ́ọ̀lù á ti lọ. Mo fò ó. Mo hun ún dé òpin, mo ká àlàfo náà sínú, mo kó o fún télọ̀.

Ẹ̀yìn ìyàwó ni aṣọ náà ti là, níbi tó ti ń jó níwájú àwọn àna rẹ̀. Ìyá ìyàwó gbé e láti Ṣakí, ó dà á sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi láàárín ìsọ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó fi àtàǹpàkò tọ àlàfo náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bèèrè ta ló hun ún. Ọkùnrin mẹ́wàá ń wò wá. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ hun ún. Ojú yín ló ti ń di."

Ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí Jímọ̀ tó pé, wọ́n ti gbọ́ ní Òkèhò pé ojú Lásísì ti di, kò ríran mọ́. Ta ló máa gbé aṣọ ìyàwó fún ẹni tí ojú rẹ̀ di? Iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ò wí nǹkan kan. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni.

Mo mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí mò ń mu tíì. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kànlá. Mo ṣì lọ parí aṣọ mi.

Ọjọ́ ìkórè dé. Ní ìjọ àwọn òyìnbó, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ síwájú, ẹni kan á gbé ọ̀dùnkún, ẹni kan á gbé ẹ̀wà inú agolo. Èmi gbé aṣọ òfì lé èjìká, mo wọ agbádá, mo ń rìn bí ọkọ ìyàwó. Gbogbo ojú wà lára mi. Ó ku bí ìṣísẹ̀ méjì kí n dé ibi pẹpẹ. Mo fi ọwọ́ pa aṣọ náà láti tẹ́ ẹ dáadáa, bí mo ti máa ń ṣe, mò ń wá bóyá òwú kan já. Òwú kankan ò já. Aṣọ náà pé. Ọwọ́ mi sì dúró lórí rẹ̀, kò lọ mọ́. Mo rí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń tọ àlàfo yẹn sísàlẹ̀.

Mo yí padà. Mo gbé aṣọ mi gba àárín ìjọ kọjá, agbádá mi ń kó sí àwọn àga. Àwọn tó ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú ọ̀dùnkún ò mọ̀ bóyá káwọn náà padà. Ìyá Tósìn fi ìwé orin bojú. Màmá Jín nìkan ló mi orí sí mi, bí ẹni tó rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú kálàmù.

Ìta ni mo ti pe ilé. Ìyá Ràmọ́tà ní, "Akọ̀wé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

Mo ní, "Ìyá Ràmọ́tà, ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀rọ̀ aṣọ ìyàwó Ṣakí ni mo fẹ́ sọ."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ìró òfì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ èémí ọkùnrin.

"Mò ń gbọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti bọ́ọ̀lù, mo sọ ti òwú méjì, mo sọ bí mo ṣe ká a sínú. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ máa ń le jù létí ọ̀tún. Bàbá wa bá ọ wí lórí ẹ̀ títí ó fi kú. Ṣé o rò pé mi ò dá ọwọ́ àbúrò mi mọ̀ ni?"

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ní Ìsẹ́yìn. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n etí mi nìkan kọ́ lo sọ tọjọ́sí sí. Inú ìsọ̀ lo ti sọ ọ́. Lọ́la, lọ́sàn-án, pe ìsọ̀."

Mi ò sùn dáadáa. Ẹ rántí pé ní ìsọ̀ yẹn, èmi ni ará òkè òkun. Bí mo bá fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n á pín in ká. Èmi ni mo gun òkè Adó-Àwáyè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì tíì sẹ́ni tó já mi ní koro. Orúkọ yẹn ni wọ́n ní kí n wá fi ẹnu ara mi wó lulẹ̀.

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo wọ àárín àwọn òkìtì aṣọ tí a ti ká, mo pè. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù náà sórí òfì, ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Mo gbọ́ tí gbogbo òfì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, fóònù létí, mo sọ fún wọn pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ò di lọ́jọ́ náà. Mo ní èmi ni mo hun ún, èmi ni mo fò ó, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Ẹnìkan wá bèèrè láti ìsàlẹ̀ ìsọ̀ pé, "Ta ló borí nínú bọ́ọ̀lù náà?"

Mo ní, "Wọ́n nà wá ni."

Ẹ̀rín tó bú jáde, ọ̀gá iléeṣẹ́ wa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àṣé èmi ni mo sọ aṣọ ìyàwó di àwọ̀n. Wọ́n ní kí n má ṣe hun aṣọ fún Ọbabìnrin níbẹ̀ yẹn o. Láàárín ẹ̀rín náà, mo gbọ́ tẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Mo ti gbàgbé.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀gá wa àti àwọn méjì kan ti dúró lé mi lórí, wọ́n gbé àpótí oògùn dání, wọ́n rò pé mo dákú. Mo ní mò ń kí ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, inú mi dùn. Wọ́n tún ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ fún àwọn ará pé inúnibíni mi, irọ́ ni. Ó le ju ti ìsọ̀ lọ, nítorí àwọn ò rẹ́rìn-ín. Arákùnrin kan tó ti gbàdúrà gidi lórí ẹ̀gbọ́n mi bèèrè ohun tó máa fi àwọn àdúrà náà ṣe. Màmá Jín ní kó yí wọn padà sórí mi.

Mo gbé aṣọ mi lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú kejì, láìsí ìkórè, láìsí agbádá. Ó wà níbẹ̀ di òní. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sílé, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi kíákíá láti gbọ́ ìyìn.

Ó ní, "Sọ bó ṣe rí fún mi."

Mo ní ṣé fídíò náà ò wọlé ni. Ó ní ó wọlé, Ràmọ́tà ti gbé e sí òun lójú. Ó ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Bí èéfín ló rí báyìí. Ohun tí o sọ ti ṣẹ." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń sọ pé òjò dá.

Mo sọ bó ṣe rí fún un, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, aró mẹ́rin, funfun méjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó bèèrè pé etí ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ṣì le? Mo ní ó ṣì le. Ó ní, "Olórí kunkun."

Mo ka ohun tó sọnù, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Ìsọmọlórúkọ mẹ́ta nílé ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò dé. Ìsìnkú ìyá wa, tí èmi àti òun dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Aṣọ ìyàwó kan. Ojú méjì.